Àyè Tí Ìwé Kò Fi Sílẹ̀

Lìádì gbé orí sókè láti sọ fún gbogbo ọjà Ofin ní Ṣàgámù pé ọ̀pá irin kẹrìnlélógún kò yẹ, ojú rẹ̀ àti ti ọmọbìnrin tí ó gbé agbọ̀n àwọn ọ̀pá náà sí ìbàdí sì ṣe mẹ́rin. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì, ó dúró.

Ọjọ́ ọjà ni. Èrò ti kún iwájú àgbẹ̀dẹ Ọdẹ́yẹmí. Àwọn olóbì gbé igbá wọn sílẹ̀, wọ́n na ọrùn wòran. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò ti ara rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó sì ń wo Lìádì bí ẹni tí ń wo irin tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò gba iná.

“Ẹ parí rẹ̀,” ó wí. “Kí ni ẹ fẹ́ sọ?”

“Kò yẹ,” Lìádì dáhùn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó wí.

Ọdún kejì lẹ́yìn ogun Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọ̀nà ti là dé etí ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò kan ń kọ́ ogójì ilé ìkẹ́rùsí sí èbúté Ìkòròdú, ọ̀gá Mọ́ṣúdù tó jẹ́ àgbà káfíńtà l’Ékòó ló gba iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ̀ta ni irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní ínjìsì, tí ó ń wá. Ó gbọ́ pé kò sí ọwọ́ tó dàbí ti Ọdẹ́yẹmí ní gbogbo Rẹ́mọ, ni ó bá kó irin ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán ínjìsì náà sí. Irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ká etí wọn di ihò, àti ọ̀pá kan tí yóò gba inú ihò náà kọjá. Ìwé ọ̀hún kọ ọ́ pé ààbọ̀ ínṣì ni ihò. Ó kọ ọ́ pé ààbọ̀ ínṣì ni ọ̀pá.

Ọdẹ́yẹmí wo nọ́ńbà méjèèjì, ó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó rò pé ẹni tó yà á mọ̀ pé ohun tí yóò yí nínú ihò gbọ́dọ̀ kéré sí ihò, pé kò kàn sọ ọ́ jáde ni, bí ẹni tó rán ọmọ lọ pọn omi kò ṣe ní sọ fún un pé kí ó má da ojú ìkòkò dé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kéré díẹ̀. Gbogbo wọn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n Lìádì, tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mọ́ṣúdù láti ọdún mẹ́sàn-án, gbé irin ìwọ̀n dání wá láti Èkó. Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n gé ojú kan sí i tó fẹ̀ ní ààbọ̀ ínṣì gẹ́lẹ́. Ọ̀pá tó bá wọ ojú yẹn tí ó ń mì, ó kéré sí ohun tí ìwé wí. Gbogbo ọ̀pá tí ó wọ̀n ló sì ń mì.

Ọdẹ́yẹmí kò jiyàn. Ó gba ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ Lìádì, ó yí i wò, ó ní bí ó bá jẹ́ ohun tí ìwé wí ni wọ́n fẹ́, òun yóò ṣe ohun tí ìwé wí. Àwọn èrò túká, wọ́n ń sọ ọ́ lọ pé ọwọ́ Ọdẹ́yẹmí ti ń gbọ̀n.

Ohun tí èrò ọjà kò mọ̀ ní Ofin ni pé Lìádì fúnra rẹ̀ ló ya ìwé náà.

*

Ilé ìyá rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù kan náà ni ó wọ̀ sí. Obì ni ìyá náà ń tà, kò sì sẹ́ni tó ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ pé ọmọ òun ń bọ̀ wá gbòmìnira nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè jókòó. Ó jẹun ní ìdúró. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún rìn dé ibẹ̀. Ojú tí ó rí l’Ofin kò jẹ́ kí ó rí nǹkan mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá àwáwí pé òun fẹ́ wo irú èédú tí wọ́n ń lò, ó bọ́ sọ́nà.

Ọmọbìnrin náà wà nídìí ẹwìrì. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọdẹ́yẹmí.

“Bàbá Kò-Yẹ ti dé,” ó wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Lìádì ni mò ń jẹ́.”

“Èyí tí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ni gbogbo ọjà mọ̀. Ẹ jókòó, bí àpótí wa bá yẹ.”

Lìádì wo àpótí náà bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró kí ó tó mọ̀, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá kí ó má baà rí i. Lìádì ti rí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ojoojúmọ́ ni ó ń wá. Ọdẹ́yẹmí ń rọ ọ̀pá tuntun, kò bá a sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Àwẹ̀ró ló ń bá a sọ̀rọ̀. Òun ló máa ń yẹ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wò kí ó tó jáde ní àgbẹ̀dẹ. Yóò ti ọ̀pá bọ ihò, yóò fi epo díẹ̀ sí i, yóò fi ìka kan yí i, yóò sì gbé e sétí. Èyí tó bá pariwo, inú iná ni yóò padà sí. Lìádì ní l’Ékòó wọn kì í fi etí wọn irin. Àwẹ̀ró ní bóyá ìdí tí ilẹ̀kùn Èkó fi ń ké nìyẹn. Bí ó bá gbé àkàrà wá fún bàbá rẹ̀, yóò mú ẹyọ kan fún Lìádì pé kí ó wọ̀n ọ́n wò kí ó tó jẹ ẹ́. Lìádì yóò fi irin ìwọ̀n sí i lóòótọ́, yóò ní èyí kò yẹ, òmíràn, òmíràn, títí yóò fi jẹ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, “ẹ” di “o” lẹ́nu Àwẹ̀ró. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Lìádì gbọ́ ọ, ó sì rìn padà sí Ẹ̀pẹ́ láì mọ̀ pé òjò ń pa òun.

*

Ọjọ́ ọjà mìíràn dé, èrò tún pé. Lìádì mú ọ̀pá tuntun kan, ó tì í bọ ojú irin ìwọ̀n, ó kún un rẹ́gí. Ó yẹ. Òmíràn, ó yẹ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lìádì ń wo Àwẹ̀ró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni pé òun ló rọ irin náà.

Ọdẹ́yẹmí mú ọ̀pá kan àti irin pẹlẹbẹ méjì, ó ní kí àwọn jọ tò ó wò. Ọ̀pá kọ̀, kò wọlé. Ó ta epo sí i, kò wọlé. Ó fi owú lù ú, ó wọlé tipátipá, ínjìsì náà sì gan bí ẹja gbígbẹ. Ó mú òmíràn. Bákan náà ni.

“Ẹni tó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn Ọdẹ́yẹmí,” ọkùnrin kan wí láàárín èrò, “kó ti gbé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wọlé.”

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́yẹmí gbé owú lélẹ̀, ó wọlé lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹwìrì kò fi dún ní àgbẹ̀dẹ náà.

Kò pẹ́ tí Yúnúsà, tó máa ń jíṣẹ́ láàárín Ṣàgámù àti Ìkòròdú, fi mú ọ̀rọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ Mọ́ṣúdù. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ofin, pé alágbẹ̀dẹ ti ba irin àwọn oníṣòwò jẹ́. Ó ní ní ogún ọjọ́ òní, kí ó kó ohun tí ó rọ wá sí èbúté, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú wọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò tún fún un ní irin rọ ní gbogbo etí ọ̀sà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni òun yóò fún Lìádì ní òmìnira àti àpótí irinṣẹ́ tirẹ̀.

Lìádì sáré lọ sí àgbẹ̀dẹ. Àwẹ̀ró nìkan ló bá níbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín agbọ̀n méjì, ọ̀pá àkọ́kọ́ nínú ọ̀kan, ọ̀pá tuntun nínú èkejì. Ó ti mú ọ̀kan nínú ti àkọ́kọ́, ó tì í bọ ihò. Ó fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, ó yọ́ ọ wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà. Ó gbà á. Ó fa òmíràn tu. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin kò ráyè.

“Irun mẹ́ta,” ó wí. “Àyè irun mẹ́ta ni bàbá mi fi sílẹ̀ kí ó lè yí. Ìwé yín kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀pá àti ihò kò lè jẹ́ ọgbọọgba, Lìádì. Ta ló ya ìwé yìí?”

Lìádì rìn dé ẹnu àgbẹ̀dẹ, ó padà. Ó gbé ẹ̀mú, ó gbé e sílẹ̀.

“Èmi ni.”

Ó wá sọ ọ́ fún un bí ó ti rí. Ọ̀sán Jímọ́ kan ni, ó ń kánjú kí ìrun má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó kọ nọ́ńbà ihò tán, ó tún kọ nọ́ńbà kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ó sì dìde. Ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Àwẹ̀ró kò pariwo. “O jókòó níwájú ọjà,” ó wí, “o ń pe iṣẹ́ bàbá mi ní kò yẹ. Iṣẹ́ tó yẹ.”

“N kò mọ̀ nígbà náà.”

“Mo gbà. Nísinsìnyí ńkọ́?”

Ó ṣèlérí pé òun yóò kọ̀wé sí ọ̀gá òun, òun yóò jẹ́wọ́, òun yóò sì ya àwòrán mìíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é pọ̀, ojú àgbẹ̀dẹ náà sì tún là. Àwẹ̀ró ló ronú kan ọ̀pá ìdánwò méjì. Ó sọ ọ̀kan ní Wọlé, ó sọ èkejì ní Dúró-Síta, èyí tó fi díẹ̀ sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ihò tí Wọlé kò bá lè wọ̀ ti há jù. Ihò tí Dúró-Síta bá lè wọ̀ ti fẹ̀ jù. Èyí tó gba Wọlé tí ó kọ Dúró-Síta, ó yẹ, ẹnikẹ́ni ì báà rọ ọ́, ọ̀pá èyíkéyìí ì báà wọ inú rẹ̀. Lìádì wá rí i pé bí ó ṣe yẹ kí òun kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn: kì í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo, bí kò ṣe méjì, kó má jù báyìí, kó má dín sí báyìí. Ó kọ nọ́ńbà méjì sí ojú ihò, ó kọ méjì sí ojú ọ̀pá. Ó bojú wo Àwẹ̀ró, èédú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò lè padà sí Èkó láìsí obìnrin yìí.

“Àwẹ̀ró, ẹ̀yinjú mi, mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi wá rí bàbá rẹ.”

Àwẹ̀ró mú ínjìsì kan. Ìka rẹ̀ ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀.

“Kọ ọ́ bí a ṣe kọ ti irin,” ó wí níkẹyìn. “Kó má ṣáájú ìgbà tí ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ bá dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ. Kó má sì kọjá ọjọ́ tí bàbá mi máa dúró lẹ́jọ́ ní Ìkòròdú. Láàárín méjèèjì yẹn, mo ní àyè fún ọ, àyè ńlá. Tó bá kọjá ibẹ̀, kò sí.”

*

Lìádì kọ ìwé náà. Èyí tó ṣòro fún un ni kí ó fi rán Yúnúsà.

Yúnúsà kọjá lẹ́ẹ̀kíní, ìwé wà nínú àpò dàńṣíkí Lìádì. Ó ní òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan kọ. Yúnúsà kọjá lẹ́ẹ̀kejì, Lìádì jókòó sẹ́yìn ilé títí ọkùnrin náà fi lọ. Ìyá rẹ̀ ti ra ewúrẹ́ de ọjọ́ òmìnira, ó ti ń ránṣẹ́ pe gbogbo Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Lìádì sọ díẹ̀ fún un nínú ọ̀rọ̀ náà, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní alágbẹ̀dẹ ti dàgbà, ìtìjú kò ní pẹ́ lára rẹ̀. Ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé ni, ta ni yóò gbéṣẹ́ fún káfíńtà tí kò mọ nọ́ńbà kọ? Ó tún ní ọmọ ẹni tí kò kírun ni ó ń torí rẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Lìádì bọ́ sẹ́yìn ilé. Ó ń yọ ìwé, ó ń kà á, ó ń tì í padà sápò. Oorun kò sí, oúnjẹ kò lọ.

Nígbà kẹta, Àwẹ̀ró dá Yúnúsà dúró lọ́nà, ó bi í bóyá ọ̀gá Mọ́ṣúdù ka ìwé tí Lìádì fi rán an. Yúnúsà ní ìwé wo?

Àwẹ̀ró bá Lìádì níbi tí ó ti ń rìn kiri lábẹ́ igi obì ìyá rẹ̀. Lìádì ti rí i lójú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ ń lẹ́ o, ọ̀gá,” Àwẹ̀ró wí. “Bàbá mi ní kí n kí yín. Ọ̀túnla la máa lọ sí Ìkòròdú.”

Ó yí padà, ó lọ. “Ẹ” yẹn, Lìádì ì bá fẹ́ kí ó gbá òun létí jù ú lọ.

*

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Ọdẹ́yẹmí àti ọmọ rẹ̀ ru agbọ̀n. Wọ́n ti rìn jìnnà kí bàbá náà tó la ẹnu.

“Mo mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ìwé yẹn,” ó wí. “Ó fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára agbọ̀n wa lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Ọwọ́ kan náà ni.”

Àwẹ̀ró dúró. “Ẹ sì fi dákẹ́, Bàbá?”

“Mò ń dúró dè é kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe ń wò ọ́, mo sì rí i bí o ṣe ń wò ó. Bí ó bá lè jẹ́wọ́ níwájú èrò bí ó ṣe pè mí ní kò yẹ níwájú èrò, mo lè fi ọmọ fún un, ibi yòówù kí ó ti máa kírun. Bí kò bá lè ṣe é, má mú un wá sílé mi.” Ó tún agbọ̀n ṣe lórí. “Rìn, kí oòrùn má bá wa lọ́nà.”

Èbúté Ìkòròdú ń hó. Ọkọ̀ ń já pákó, àwọn kan ń kun ògiri, àwọn oníṣòwò jókòó lábẹ́ ìbòji, Mọ́ṣúdù láàárín wọn. Iwájú rẹ̀ ni àpótí irinṣẹ́ tuntun wà, ayùn àti ìfági hàn nínú rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ó wọ aṣọ tuntun. Ọdẹ́yẹmí sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n mú fún olè, Àwẹ̀ró sì dúró tì í.

Mọ́ṣúdù ní òun yóò kọ́kọ́ ṣe ti ayọ̀ kí òun tó kan ti ẹjọ́. Ó pe Lìádì. Ó yìn ín fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ní ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí àwòrán tó yà tí òun ní láti wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí náà sókè láti fi lé e lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi,” Lìádì wí. “Ẹ má tíì gbé e fún mi.”

Mọ́ṣúdù dúró, àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù pe orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ó bá ń dá ọmọdé dúró létí odò. Lìádì ti ọwọ́ bọ àpò. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ wọ̀nyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan.

Ó yíjú sí ibi tí alágbẹ̀dẹ wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yanrìn, aṣọ òmìnira rẹ̀ lára rẹ̀. “Bàbá, iṣẹ́ yín yẹ,” ó wí, èrò gbogbo sì gbọ́ ọ. “Láti ọjọ́ kìíní ni ó ti yẹ. Ìwé ni kò yẹ, èmi ni mo sì kọ ọ́.”

Ó dìde, yanrìn wà ní àyà rẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́yẹmí.

“Àwẹ̀ró, ṣé àyè ṣì wà?”

Àwẹ̀ró wo oòrùn, ó wo àpótí tó wà lọ́wọ́ Mọ́ṣúdù, ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà ń wo omi, ṣùgbọ́n ó mi orí díẹ̀ pé òun gbà.

“Ó kù díẹ̀,” ó wí. “Má fi ṣòfò, olówó orí mi.”

Lìádì na ìwé ìjẹ́wọ́ náà sí ọ̀gá rẹ̀. Òógùn ti mú un rọ̀, etí rẹ̀ ti ká. Mọ́ṣúdù sọ àpótí kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó sì gbà á.